Àwọn Ògiri Òkúta Ellenclough

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí a kírun tán, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan jókòó tì mí, ó ní, "Daddy, iṣẹ́ wo lẹ ṣe gan-an kí ẹ tó ríṭáyà?" Mo ní mo mọ ògiri. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo ní òkúta ni mo fi mọ ọ́n, láìsí sìmẹ́ǹtì, láìsí amọ̀, láìsí omi. Ó wá ń wojú mi bí ẹni pé ogbó ti ń da nǹkan rú fún mi. Ọmọ yìí ò tíì mọ̀ bóyá kóun kọ́ computer ni tàbí kóun ṣe nọ́ọ̀sì, gbogbo ènìyàn ló sì ń dá a nímọ̀ràn. Èmi náà fẹ́ dá a nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ ti mọ́ṣáláṣí ti ń mi kọ́kọ́rọ́ létí wa. Ohun tí mi ò sọ tán lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí, fún òun àti fún ẹ̀yin tí ọkàn yín ò tíì balẹ̀ lórí iṣẹ́ kan.

Orúkọ mi ni Làmídì Àlàó. Òkè-Àràbà ni wọ́n bí mi sí, abúlé kékeré kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Bàbá mi ló ni Àlàó. Mọlémọlé ni, ilé amọ̀ ló ń mọ. Yóò fi ẹsẹ̀ po amọ̀ títí yóò fi fà, yóò mọ ìpele kan, yóò fi í sílẹ̀ kó gbẹ kó tó gbé òmíràn lé e. Kò sí ilé kan ní abúlé wa tí kò fọwọ́ kàn. Ó fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ náà, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi ẹrẹ̀ ṣe? Mo gba Èkó lọ, mo ti Èkó dé Manchester. Ẹni tó bá ní òun ò ní jogún bàbá òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ sáà máa wò ó.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Chorlton-on-Medlock ni mo ń gbé, nínú yàrá kan tí a pín, mo ń nu ilẹ̀ ní hospital, inú mi ò sì dùn. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun kan wà lórí òkè lọ́hùn-ún tó ń wá alágbára tí yóò máa bá a gbé òkúta. Owó ibẹ̀ kò ju ti hospital lọ. Mo lọ nítorí ó dárúkọ òkè.

Ellenclough ni abúlé náà. Bí ẹ bá fẹ́ débẹ̀, ẹ wọkọ̀ dé Bury, ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Ramsbottom, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gun òkè. Ọ̀nà yóò máa há sí i, ògiri òkúta lọ́tùn-ún, ògiri òkúta lósì. Ẹ óò kọjá ilé-ìjọsìn kékeré kan, ẹ óò kọjá odò kan tí ọmọdé lè fò, ẹ óò wá rí ilé mélòó kan tí wọ́n fara ti ara wọn bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó parí. Gbogbo ohun tó kù lókè, koríko, àgùntàn àti atẹ́gùn ni. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ óò rí Manchester nísàlẹ̀ réré. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, òórùn koríko tútù àti èéfín igi gbá mi nímú. Àfi bí ilé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, mo sì díbọ́n pé atẹ́gùn ló bọ́ sí mi lójú.

Walter ni orúkọ ọ̀gá mi. Ó ní kí n máa pe òun ní Walter. Èmi kẹ̀? Ẹni tó ju bàbá mi lọ? Mo ní, "Rárá sà, Baba ni n óò máa pè yín." Ó ní òun kì í ṣe bàbá mi. Mo ní mo mọ̀. Títí ó fi kú, mi ò dá orúkọ yẹn pè mọ́ ọn lórí rí, kò sì pẹ́ tí gbogbo abúlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Baba, títí kan ìyàwó rẹ̀ tí èmi ń pè ní Màmá.

Ṣùgbọ́n òun náà ní àṣà tirẹ̀. Orúkọ ìdílé ni àwọn ọ̀gá àtijọ́ ibí fi ń pe ọmọṣẹ́, nítorí náà Àlàó ló ń pè mí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síhìn-ín lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Oríkì ni Àlàó. Ìyá bàbá mi ló ń pè é bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ kí orí rẹ̀ wú. Bàbá Làmídì ni gbogbo abúlé ń pè é, ọmọ kékeré kan kò jẹ́ la ẹnu pe Àlàó gbàgàdà. Òyìnbó wá dúró sórí òkè, ó ń jágbe: "Àlàó, kí ni ìdọ̀tí yìí? Àlàó, tú u palẹ̀!" Gbogbo ìgbà tó bá jágbe ni mo ń bojú wẹ̀yìn. Bàbá mi ni mo ń rí tí wọ́n ń nà ní pàṣán. A máa ń sọ fún ọmọ tó bá ń kúrò nílé pé kó rántí ọmọ ẹni tí í ṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sì ń jẹ́ létí ọ̀pọ̀ ọmọ. Èmi rí ẹni tó ń rán mi létí rẹ̀ lójoojúmọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Baba le. Ó le ju òkúta tó ń fọwọ́ rẹ̀ tò lọ. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n gbé òkúta kankan lé ojú ògiri. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo ń ṣà, àwọn tí a ń kó sí inú, láàárín ojú méjèèjì ògiri. Mo rò pé ẹ̀gbin ló ń fi mí ṣe. Ó ní ojú ògiri ni ayé ń rí, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ inú ló ń gbé e dúró. Ó ní bí mo bá ti gbé òkúta kan sọ́wọ́, mi ò gbọ́dọ̀ gbé e padà sílẹ̀. Kí n máa yí i títí n óò fi rí ibi tó bá mu. Òkúta kan lórí méjì, méjì lórí kan. Bí ògiri bá dé agbedeméjì, ẹ óò gbé àwọn tó gùn sí i, tí wọn yóò la ògiri já láti ojú kan dé èkejì kí ó má bàa là. Bí mo bá mọ tèmi tán, Baba yóò gun orí rẹ̀, yóò rìn ín. Bí òkúta kan bá mì lábẹ́ bàtà rẹ̀, Àlàó, tú u palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ rẹ́rìn-ín. Níbi iṣẹ́ yìí, ènìyàn méjì ní í dojú kọ ara wọn, ọ̀kan níhìn-ín ògiri, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Baba wà lọ́hùn-ún, ó ń nawọ́ gba òkúta lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ òsì mi ló sún mọ́ ọn jù. Ta ni yóò fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbàlagbà? Ni mo bá ń yí ká. N óò gbé òkúta, n óò rìn dé ìpẹ̀kun ògiri, n óò yí sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, n óò wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀. Baba ń wò mí. Ó fara dà á títí ọ̀sán, ó wá bi mí bóyá apá òsì mi ló ń dùn mí. Mo ṣàlàyé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó ní òun mọrírì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá tún fi ọ̀wọ̀ yí ògiri yìí ká lẹ́ẹ̀kan sí i, òun óò lé mi lọ sílé.

Ọjọ́ tí mo tún wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ torí pé mo pẹ́ dé, inú koríko tútù ni, Màmá sì ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ó gbé omi àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sáré jáde. Ó rò pé mo ti dákú.

Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, Baba a máa sọ̀tàn. Ìtàn ìlú rẹ̀ ni, ara ògiri ló sì ti ń kà á. Yóò na hámà sí òkè, yóò ní àwọn ògiri tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lókè yẹn, àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó ló mọ wọ́n. Darandaran àti àgbẹ̀ ni wọ́n. Òkúta tó ń dí wọn lọ́wọ́ nínú oko ni wọ́n ń ṣà tí wọ́n sì ń tò jọ, ìdí nìyẹn tí ògiri wọn fi yà síbi tí oko bá yà sí. Àwọn tó gún gbọọrọ dé lẹ́yìn wọn, nígbà tí àwọn olówó fi òfin pín ilẹ̀ tí gbogbo ìlú ti jọ ń lò. Baba ní àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n tún háyà pé kí wọ́n wá mọ ògiri tí yóò sé wọn síta. Mo ní, "Baba, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa." Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ híhun dé. Inú ilé ni wọ́n ti ń hun ún, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n to fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sórí òfì. Mo sọ fún Baba pé ẹ̀bá ìlú ahunṣọ ni èmi náà ti wá, pé bí a bá lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ ọjà, ìró òfì ló ń kí wa káàbọ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bi mí nípa ilé wa. Ó bi mí bí òfì wa ti fẹ̀ tó, ta ló ń hun ún, ọkùnrin ni àbí obìnrin. Àfi bí ẹni pé ará abúlé kejì ni mí.

Ilé-iṣẹ́ òwú ńlá ló wá ba tiwọn jẹ́. Wọ́n kọ́ ọ sétí odò nísàlẹ̀, àwọn ará òkè sì sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ, agboolé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ellenclough tí ẹ óò rí lónìí, Ellenclough kejì ni. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lókè: ìpìlẹ̀ ilé, àtẹ̀gùn tí kò gun ibì kan, ibi ìdáná tí òjò ń rọ̀ sí. Baba bi mí bóyá a ní orúkọ tí à ń pe irú ibẹ̀. Mo ní ahoro. Ó pè é títí ó fi pè é dáadáa. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ńlá náà kógbá sílé, àwọn ọmọ wọn ṣí lọ sí Manchester àti Oldham, ọmọ Baba fúnra rẹ̀ ṣí lọ sí Australia. Baba ní ògiri kò ní ibi tí yóò ṣí lọ, òun náà kò sì ní.

Ọdún tí mo ti ń mọ ojú ògiri fúnra mi ni bàbá mi kú. Ẹ̀gbọ́n mi tẹlifóònù sí ilé Màmá láti Ìṣẹ́yìn, torí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí mi. Kí ó tó rí mi bá sọ̀rọ̀, wọ́n ti kírun sí bàbá lára, wọ́n ti sin ín. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sáré lọ ṣe mọ́. Mo padà sí ìdí ògiri, mo ń gbé òkúta kan yí, mi ò rí ibi tó bá mu. Baba bi mí ohun tó ṣe mí. Mo sọ fún un. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

Ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Àlàó."

Ó jókòó sórí òkúta kan. Ó ní, "Ṣé bàbá rẹ ni mo ti ń jágbe mọ́ látọjọ́ yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní láti òní lọ Làmídì lòun óò máa pè mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́."

Kò fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jágbe rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ a máa rọ̀ tó bá fẹ́ pè é, yóò ní, "Àlàó, mo rò pé òkúta yẹn yóò mì," a ó sì jọ tú u. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe lórí òkè yẹn. Kì í ṣe owó. Mo fẹ́ kí orúkọ bàbá mi má bàjẹ́ nílẹ̀ àjèjì, níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pè é.

Ẹ wá wo bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́.

Níbi tí ọ̀nà Ellenclough ti yà sí apá òsì, ògiri kan wà tó gbé ilẹ̀ oko dúró kí ó má bàa ya sójú ọ̀nà. Ó ti gbó. Àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá kan láti òkèèrè, torí pé iṣẹ́ wa kì í yá. Kọngílá dé, ó fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ojú rẹ̀, ó dán bíi tábìlì, ó sì lọ. Baba kọjá níbẹ̀, ó mi orí. Ó ní níbo ni omi yóò gbà? Ògiri wa ní ihò lára, omi òjò a máa gba inú rẹ̀ jáde. Lásìkò yẹn, èmi ń tún ògiri oko tó wà lókè ibẹ̀ ṣe, gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ń rí mi láàárín òkúta.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀, ó rọ̀, kò dá. Omi kún ẹ̀yìn ògiri náà, kò rí ọ̀nà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ti ògiri lulẹ̀ gbìì. Màmá ló ń kọjá lọ, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, agboòrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ mi lásán ni mo fi kó òkúta kúrò lórí rẹ̀. Itan rẹ̀ ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó sì ń sọ fún mi pé kí n rọra, kí n má bàa fi ẹ̀yìn mi ṣèṣe. Mo sunkún lójú ọ̀nà yẹn bí ọmọdé.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti gba abúlé kan. Ògiri Àlàó ló wó lu Màmá. Ta ni wọ́n ń rí níbẹ̀ lójoojúmọ́? Èmi. Ta ni dúdú kan ṣoṣo lórí òkè? Èmi náà ni. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi lójú. Ìkíni wọn ló ṣáà dínkù. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù ń júwe ibi tí ọ̀nà ti dí fún awakọ̀ kan, ó ní, "Níbi ògiri Àlàó," kí ó tó rí i pé mo dúró lẹ́yìn òun. Orúkọ tí ìyá bàbá mi fi ń ṣìkẹ́ ọmọ rẹ̀ ti di orúkọ ìparun. Ìtìjú bò mí. Mo lọ bá Baba ní ilé ìwòsàn, níbi tó jókòó ti Màmá, mo ní mo fẹ́ padà sídìí ilẹ̀ nínù. Mo ní, "Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo mọ ọ́n."

Màmá ní, "Gbogbo wa la mọ̀, ọmọ mi."

Mo ní gbogbo wọn kọ́. Ògiri Àlàó ni wọ́n ń pè é.

Baba ní, "Wọ́n ń pè é ní tìrẹ? Lọ mọ ọ́n nígbà náà, kó lè jẹ́ tìrẹ."

Mo wò ó bóyá ó ń bínú. Kò bínú. Ó ní bí mo bá lọ, orúkọ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwókù títí ayé, bí mo bá sì mọ ọ́n, orúkọ yóò ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò rí ohun fara tì.

Baba lọ bá àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà, ohun tó bá wọn sọ mi ò mọ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún wa. Eékún rẹ̀ ti ń dà á láàmú nígbà yẹn. Ó gbé àga sójú ọ̀nà, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀, ó ń wò mí, kò fọwọ́ kan òkúta kan. Ìgbà òtútù nìyẹn. Mo fi hámà gé sìmẹ́ǹtì kúrò lára òkúta kọ̀ọ̀kan. Mo gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti le. Ọwọ́ mi là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́. Mo ń yan wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Mò ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo ní ẹ wo iṣẹ́ tí mo sá fún, ẹ wo bó ṣe mú mi. Àwọn ará abúlé ń kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ń kọjá kíákíá. Nígbà tó yá wọ́n ń dúró. Ìyá arúgbó kan tí kò kí mi mọ́ gbé tíì gbígbóná wá, ó gbé e lé orí ògiri, ó lọ. Mo mu tíì náà.

Nígbà tí mo gbé àwọn òkúta ìdérí lé e tán, Baba dìde lórí àga. Mo rò pé yóò ní kí n gbé òun gun orí rẹ̀. Ó kàn fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkúta kan nísàlẹ̀, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká relé lọ jẹun, Àlàó." Kò yìn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi ń ṣàn jáde ní gbogbo ihò ara ògiri náà, ògiri ò mì. Màmá ń fi ọ̀pá rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Kò sí ohun tó pọ̀ láti sọ nípa àwọn ọdún tó kù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, hámà, okùn, ọ̀pá irin àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tí a fi ń kó òkúta ni gbogbo ohun èlò wa. Lẹ́yìn náà katapílà kékeré dé, ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ kí n tó mu tíì tán. Ẹ̀rọ tó ń gé òkúta dé, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ìtàn mọ́. Wọ́n ń gbé òkúta wá láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí búrẹ́dì. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà báyìí ń wo fídíò lórí fóònù, wọ́n sì ń mọ ọ́n dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Katapílà dùn mọ́ ẹ̀yìn mi nínú. Etí mi ni kò dùn mọ́ nínú. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn tó ń sọ pé Àlàó, mo rò pé òkúta yẹn yóò mì.

Baba kú, Màmá tẹ̀ lé e. Ọgbà ilé-ìjọsìn ni wọ́n sin wọ́n sí, èmi ni mo tún ògiri ibẹ̀ ṣe. Mo dá ṣe iṣẹ́ náà títí eékún tèmi náà fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo wá fẹ̀yìn tì sí Oldham, lọ́dọ̀ ọmọ mi Sídì.

Ìgbà náà ni mo lọ sílé. Mo ti ń fi í sọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ pé n óò mọ ògiri òkúta yí sàréè bàbá mi ká. Ọlọ́kadà ló gbé mi láti Ìṣẹ́yìn, ọ̀nà ti di igbó. Òkè-Àràbà ti tán. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ṣí lọ sí Ìṣẹ́yìn àti Ìbàdàn. Ẹ mọ̀ pé ilé amọ̀ tí kò ní òrùlé mọ́, òjò ní í jẹ ẹ́. Gbogbo ilé tí bàbá mi mọ ti padà di ilẹ̀, ebè ńláńlá ni mo bá, ìbẹ́pẹ hù lórí tiwa. Mo wá sàréè títí, mi ò dá a mọ̀. Kò sí òkúta kan níbẹ̀ tí ǹ bá fi sàmì. Mo bi ọlọ́kadà náà bóyá ó gbọ́ nípa Àlàó mọlémọlé rí. Ó ní, "Àlàó wo, Baba? A ò gbọ́ orúkọ yẹn níbí." Ọmọ náà ò ṣe àfojúdi. Kò mọ̀ ọ́n ni. Mo jókòó sórí ebè ilé wa, mo sunkún, ó sì fi pẹ̀lẹ́ dúró dè mí.

Nígbà tí mo dé Oldham, ara mi kò yá. Kì í ṣe àìsàn. Sídì ní, "Daddy, ṣé kí n gbé yín lọ sórí òkè yín ní Sunday?" Mo ní ó ti pẹ́, mi ò mọ ẹni tó kù níbẹ̀. Ó gbé mi lọ.

A kọjá Ramsbottom, a gun òkè. Wọ́n ti dí ọ̀nà tí mo mọ̀ fún iṣẹ́, fóònù Sídì ò sì mọ ibi tí ó wà mọ́. Ọmọbìnrin kan ń fa ajá rẹ̀ bọ̀, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, mi ò rí i rí. Sídì sọ gíláàsì kalẹ̀, ó bi í ọ̀nà Ellenclough. Ọmọ náà ní kí a máa lọ tààrà, bí a bá ti dé ògiri Àlàó kí a yà sósì, a ò lè ṣì í.

Sídì wò mí. Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó ní, "Ta ni Àlàó?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀ o. Orúkọ ibẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé."

Sídì ti la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé Daddy òun nìyí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, a wakọ̀ lọ. Ta ló sọ fún Sídì pé èmi ni Àlàó? Èmi ni Làmídì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí ni ìmọ̀ràn tí mi ò rí ráyè sọ ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ ṣe computer, ẹ ṣe nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ dára. Mi ò mọ èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ ń jẹ́ kì í ṣe ti yín nìkan, ibikíbi tí ẹ bá gbé e dé, ẹ fún un ní ohun tí yóò fara tì.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni mo ti ní kí Sídì dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ewédò ti hù sára ògiri náà, ṣùgbọ́n òkúta kan kò kúrò lójú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá mú, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Mo ní, "Bàbá mi, wọ́n ń fi yín júwe ọ̀nà."